Kókó Ara Eyín Ẹ̀yìn Ọmọ Kì í Ṣe Àìsàn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn òbí létí, nítorí pé àwa tí a ń tọ́jú eyín ọmọdé ń bá a pàdé léraléra: ìyá á ní kí ọmọ lanu, á ní eyín kan ti hù lára eyín mìíràn, kí a bá òun gé e kúrò.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń rí ni kókó kékeré kan lára eyín ńlá òkè tí a fi ń rún oúnjẹ, ní ìhà tí ó kọjú sí inú ẹnu, níbi tí ó sún mọ́ iwájú. Georg Carabelli, oníṣègùn eyín ní ìlú Vienna, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1842, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é títí di òní. Lẹ́nu ọmọ kan, kò ju ìlà tín-ín-rín lọ. Lẹ́nu òmíràn, ó yọ sókè gedegbe bí góńgó karùn-ún lára eyín tí ó máa ń ní mẹ́rin. Eyín ìsàlẹ̀ náà a máa ní àfikún tirẹ̀, láàárín góńgó méjì tí ó wà níhà ahọ́n, èyí sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ohun àjogúnbá ni. Bí bàbá ọmọ bá lanu, ó ṣeé ṣe kí a rí i níbẹ̀. Gígé e láìnídìí lè ṣí iṣan inú eyín sílẹ̀.

Kòtò tóóró tí ó wà láàárín kókó yìí àti ara eyín ló yẹ kó kọ wá lóminú. Irun búrọ́ọ̀ṣì kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀, èérún bisikíìtì á há sí i, eyín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀. Eyín yìí a máa hù ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6, lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé, láìjẹ́ pé ọmọ ju eyín kankan sórí òrùlé kí ó tó hù. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ òbí rò pé òun náà yóò yọ, tí òmíràn yóò sì rọ́pò rẹ̀. Rárá o, òmíràn kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Dókítà eyín lè fi oògùn olómi tí ń gan bo kòtò náà nígbà tí eyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù tán. Kò gba abẹ́rẹ́, kò sì ń dun ọmọ. Mo bẹ̀ yín, Olóòtú, kí ojú ewé ìlera yín tẹ àwòrán eyín yìí jáde, kí ìyá tó bá rí i lè mọ ohun tí òun ń wò.

Èmi ni,
Oníṣègùn eyín ọmọdé kan,
Ìbàdàn.