Kí ìlú kọ́kọ́ ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀: lẹ́tà láti Àjàṣẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Àjàṣẹ́, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni mo ti ń kọ̀wé yìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí mo gbà pé ó kan gbogbo ìlú Yorùbá, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n ti ń ná náírà tàbí èyí tí a ti ń ná séfà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé, owó tí ìjọba bá fẹ́ fi ra oúnjẹ, àga, tábìlì, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ọṣẹ, kí wọ́n kọ́kọ́ fi rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe nǹkan wọ̀nyí ní agbègbè ibẹ̀. Bí a bá ń wá ọrọ̀ ajé tí yóò fún ọmọ ènìyàn ní ìtura, tí kò sì ní ba ilẹ̀ àti omi jẹ́, n kò rí ibi tó sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí a ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ra gàrí 1,000 séfà lọ́wọ́ obìnrin kan ní Àjàrá, ìlú kan lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Bí obìnrin yẹn bá ná 800 nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ aránṣọ àdúgbò rẹ̀, tí aránṣọ náà ná 640 lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja, tí ẹlẹ́ja ná 512 lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, tí owó náà ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́, tó jẹ́ pé ìdá kan nínú márùn-ún péré ló ń jáde kúrò nílùú ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ọjà tí àwọn ará agbègbè yóò ti tà fún ara wọn kí owó náà tó tán pátápátá yóò tó 5,000 séfà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìdá kan yẹn ló ń dúró, tí mẹ́rin yòókù ń bá ọkọ̀ òkun padà lọ, ohun tí 1,000 yẹn lè ṣe fún wa kò ju 1,250 lọ. Owó kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló sì kọ́kọ́ ná an. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ tó ń kú, ni ọ̀dọ́ tó ń wá ọ̀nà Àbújá tàbí ti Yúróòpù.

Mo mọ̀ dájú pé òwò ààlà ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé níhìn-ín. Ìrẹsì láti Thailand àti India, adìyẹ inú yìnyín láti Yúróòpù àti Brazil, àti ọkọ̀ àlòkù, èbúté Kútọnu ni wọ́n ń gbà wọlé, púpọ̀ nínú wọn a sì kọjá sí Nàìjíríà. Epo bẹntiróòlù tí a ń pè ní kpayo ń ti ọ̀hún bọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n a sì tò ó sínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. N kò bú ẹnikẹ́ni tó ń ṣe é, nítorí ẹni tó ní ọmọ láti bọ́ kì í dúró de ètò ìjọba. Àmọ́ nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, tí kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020, tòmátì àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó àwọn àgbẹ̀ wa jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Nàìjíríà ní oṣù karùn-ún 2023, owó kpayo fò sókè níhìn-ín láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó ọ̀kadà bá a lọ, owó ata àti àlùbọ́sà náà sì tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó gbójú lé ogún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ìlú tó bá gbójú lé ohun tó ń kọjá lọ náà kò yàtọ̀ sí i.

Ohun tí a ní ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n mú ẹkù àwọn obìnrin tó ń fọ epo ní ọ̀nà Sàkẹ́tẹ́ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ó ṣeé fojú rí. Wọ́n á kó ìdì ẹyìn jọ, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹyìn lè já wẹ́rẹ́ lára rẹ̀, wọ́n á sè é nínú àgbá, wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n á da omi sí i, epo yóò sì léfòó. Wọ́n á rẹ́ ẹ lójú omi, wọ́n á tún gbé e kaná títí omi yóò fi gbẹ lára rẹ̀. Ihá tó kù ni wọ́n ń fi dáná ìgbà tó ń bọ̀. Wọ́n á sá èkùrọ́, wọ́n á pa á, èyí tó wà nínú rẹ̀ di àdín, àdín di ọṣẹ, èèpo rẹ̀ sì di ohun ìdáná fún alágbẹ̀dẹ. Nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí, igi ọ̀pẹ kan ti bọ́ agbọ́pẹ, afọ́po, apèkùrọ́, ọlọ́ṣẹ àti alágbẹ̀dẹ, kò sì sí èyí tó jìnnà sí èkejì ju ibi tí kẹ̀kẹ́ lè gbé ẹrù dé lọ. Àbùkù kan wà níbẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ sọ: omi pupa tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ epo tán, bí wọ́n bá dà á sódò, ó ń pa ẹja. Nǹkan ilé kì í ṣe mímọ́ fún pé ó jẹ́ nǹkan ilé nìkan. Kí wọ́n da omi yẹn sórí òkìtì ajílẹ̀ ló tọ́, ìjọba ìbílẹ̀ sì lè fi kòtò tó dára ran àwọn obìnrin wọ̀nyí lọ́wọ́ ní owó tí kò tó ti àpérò ọjọ́ kan.

Ẹni tó bá rò pé àlá lásán ni mò ń lá, kó lọ sí Songhaï, oko àti ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Àjàṣẹ́ wa níhìn-ín. Ní 1985 ni Godfrey Nzamujo, àlùfáà ìjọ Àgùdà tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dá ibẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà sì ti kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ènìyàn wò níbẹ̀ ni bí ìdọ̀tí ibì kan ṣe ń di ohun èlò ibòmíràn. Wọ́n ń kó ìgbẹ́ ẹran ọ̀sìn sínú kòtò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, gáàsì ń jáde níbẹ̀ tí wọ́n fi ń dáná. Èyí tó bá ṣẹ́kù di ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́. Wọ́n ń fi ìfun àti ìdọ̀tí ẹran sin ìdin, wọ́n ń fi ìdin bọ́ ẹja, omi inú adágún ẹja sì ń lọ bomi rin oko. Kódà, ewéko olódòdó àlùkò tó máa ń bo ojú ọ̀sà wa nígbà òjò, tí àwọn ẹlẹ́ja ń ṣépè fún nítorí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ wọn rìn, wọ́n ń lò ó láti sẹ́ omi ẹlẹ́gbin, wọ́n sì ń fi ṣe gáàsì àti ajílẹ̀. Wọ́n ń ta ohun tí wọ́n bá mú jáde ní ṣọ́ọ̀bù àti ní ilé oúnjẹ tiwọn. Ó ń dùn mí pé irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti wà láàárín wa láti ọdún pípẹ́ wá, síbẹ̀ níbi ìnáwó ńlá ńlá wa, ìrẹsì òkèèrè àti adìyẹ inú yìnyín ni a ṣì ń gbé síwájú àlejò láti fi hàn pé a rọ́wọ́ mú.

Èyí mú mi dé orí iye owó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti dá mi lóhùn. Òótọ́ ni pé itan adìyẹ tó ti òkèèrè wá sábà máa ń dínwó ju adìyẹ ilé lọ. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ni pé igẹ̀ adìyẹ ni àwọn ará Yúróòpù fẹ́ràn jù. Wọ́n ti rí èrè wọn lórí igẹ̀, wọ́n wá ń ta itan àti apá fún wa ní iye tí àgbẹ̀ tó ra ọmọ adìyẹ àti oúnjẹ rẹ̀ kò lè bá wọn dù. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Ladakh, ní òkè Himalaya lápá àríwá India. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí agbègbè náà sílẹ̀ fún àlejò ní 1974, ọkọ̀ akẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í kó oúnjẹ tí ìjọba ti bá wọn san lára owó rẹ̀ gun òkè wá, ó sì wá dínwó ju ọkà báálì tí àwọn ará ibẹ̀ gbìn sí ẹ̀yìnkùlé wọn lọ. Ìjọba ló ń san owó títì, àgbẹ̀ ilé ló ń jẹ gbèsè rẹ̀.

Nítorí náà ni n kò fi sọ pé kí ìyá tó ní 500 séfà fún ọbẹ̀ ọjọ́ kan lọ ra èyí tó wọ́n. Ìwà ìkà ni kí á gbé ẹrù yìí ka orí tálákà. Owó gbogbogbòò ni kó kọ́kọ́ gbé e. Láti 2017 ni ìjọba wa ti ní ètò oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí PAM, àjọ oúnjẹ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ń bá wọn ṣe é. Ètò tó dára gan-an ni, wọ́n sì ti ń ra lára oúnjẹ náà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ilé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kó pọ̀ sí i, kó sì sún mọ́lé sí i: kí kántíìnì ilé-ẹ̀kọ́ Àjàṣẹ́ mọ àwọn ìlú àyíká wa, Àjàrá, Avrankou, Adjohoun àti Dangbo, kó tó mọ ibòmíràn. Àgbẹ̀ tó bá mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé wọn yóò ra àgbàdo òun yóò lè yá owó, yóò lè kọ́ àká tó dára, àgbàdo rẹ̀ kò sì ní bu. Bákan náà ni ìrẹsì ilé tí àwọn ènìyàn ń sá fún nítorí òkúta: ẹ̀rọ tó ń yọ òkúta wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò rà á nígbà tí kò mọ ẹni tí yóò ta ìrẹsì fún.

Ti omi àti ilẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti 2000 ni wọ́n ti kọ ìsàlẹ̀ odò Wẹ̀mẹ̀, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué mọ́ àwọn ilẹ̀ olómi tí gbogbo ayé gbà pé ó yẹ ní ìpamọ́, lábẹ́ àdéhùn Ramsar. Àwọn ará ibẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá omi náà gbé tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí odò bá kún, ẹja á wọnú kòtò gígùn tí wọ́n ń pè ní whédo. Nígbà tó bá fà, wọ́n á kó ẹja, wọ́n á sì gbin ẹ̀fọ́, ata àti ẹ̀wà sórí ilẹ̀ dúdú tí omi fi sílẹ̀, láìra ajílẹ̀ òyìnbó kankan. Bí irú àgbẹ̀ yìí kò bá rí ẹni ra ọjà rẹ̀, ilẹ̀ náà ni yóò tà fún ẹni tó fẹ́ fi iyanrìn dí i kó kọ́lé sí i. Àpẹẹrẹ kékeré mìíràn ni ewé. Òfin tó ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ti wà láti 2017, síbẹ̀ ọ̀rá ṣì ń dí gọ́tà wa. Bí kántíìnì bá ní kí wọ́n máa fi ewé eéran pọ́n ẹ̀kọ, owó á wọlé fún àwọn tó ń já ewé, ewúrẹ́ á sì jẹ èyí tó bá ṣẹ́kù.

Àwọn kan yóò sọ pé ìtura ọkàn kì í ṣe ohun tí ìjọba lè wọ̀n. Bhutan, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní òkè Himalaya, ti ń gbìyànjú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, nígbà tí ọba wọn sọ pé ìdùnnú àwọn ará ìlú ṣe pàtàkì ju iye owó tí ìlú ń pa lọ; òfin wọn ti 2008 sì sọ ọ́ di dandan pé igbó kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ wọn. Àwọn ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2011. N kò rò pé gbogbo nǹkan dán mọ́rán fún wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń fi ènìyàn lọ́kàn balẹ̀ ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín: kí ẹni tó ń ta nǹkan fún ọ mọ orúkọ ọmọ rẹ, kó lè fún ọ ní àwìn nígbà tí ara ọmọ náà kò bá yá, kí ẹ jọ wà nínú èésú kan náà, kí o sì mọ ẹni tí wàá bi bí gàrí bá kan jù. Ilé iṣẹ́ tó di adìyẹ sínú páálí ní òkèèrè kò lè ṣe ìkankan nínú ìwọ̀nyí.

Mo fi nǹkan mẹ́rin síwájú àwọn tó ń ṣàkóso ìlú wa, bí ẹ bá lè bá mi gbé e dé etí wọn. Kí wọ́n pín iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé jáde sí kékeré kékeré, kí ẹgbẹ́ obìnrin mẹ́wàá lè dù ú, nítorí níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ odindi ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń gbé fún ẹnì kan, oníṣòwò ńlá nìkan ló lè jẹ ẹ́. Kí oúnjẹ kántíìnì máa bá àsìkò rìn, àgbàdo tuntun ní oṣù kẹjọ, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà etí odò lẹ́yìn tí omi bá fà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí wọ́n tètè máa sanwó. Obìnrin tó ta gàrí fún ìjọba tí kò rí owó gbà fún oṣù mẹ́ta yóò padà sọ́dọ̀ alágbàtà tó ń fún un ní ìdajì owó lójú ẹsẹ̀, a kò sì ní lè dá a lẹ́bi. Kí wọ́n lẹ iye tí wọ́n rà, ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti rà á, àti ọjọ́ tí wọ́n san owó rẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé ìjọba ìbílẹ̀, ní èdè Faransé, ní Gun àti ní Yorùbá, kí gbogbo ènìyàn lè kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan ní Àjàṣẹ́