Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Kí Ni Ẹja Ń Wá Létí Ibojì?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí 1 Kọ́ríńtì 15:39. A máa ń sáré kọjá lórí ẹsẹ yìí ni, nítorí à ń kánjú dé ibi tí ìpè ìkẹyìn yóò ti dún. Èmi náà sáré kọjá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, níbi ìsìnkú tí a ti fi ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín nítorí pé kò sunkún, ẹsẹ náà kò sì jẹ́ kí n sùn láti ìgbà náà. Pọ́ọ̀lù ní ọ̀tọ̀ ni ẹran-ara ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni ti ẹranko, ti ẹja àti ti ẹyẹ. Kí ni ẹja ń wá létí ibojì?

Bàólọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní girama kí Olúwa tó pè mí, ẹ fara dà á fún mi. Ẹ wo ekòló. Kò nímú, kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Awọ ara rẹ̀ tó tutù ló fi ń mí. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa bíi tiwa ló wà nínú rẹ̀. Ní ti tata, ihò 20 tó wà níhà rẹ̀ ló fi ń mí, débi pé bí ẹ bá ri orí rẹ̀ nìkan bọ omi, yóò ṣì máa mí. Ọkàn ẹja ní yàrá 2, ti ọ̀pọ̀lọ́ 3, tiwa àti ti ẹyẹ 4. Gbogbo wọn ló wà láàyè.

Wàyí o, ẹni tó wá imú lára ekòló tí kò rí i, tó wá kéde pé ó ti kú, ta ni aláìmọ̀kan níbẹ̀? Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ lábẹ́ kánópì nípa ẹni tí kò sunkún yẹn. Mo ka èyí tí ẹ kọ sórí WhatsApp. Ta ló fi yín ṣe akọ̀wé ẹkún? "Kò lọ́kàn." Yàrá mélòó lẹ kà nínú rẹ̀? Kí ojú tì wá, àwa alàgbà pàápàá, nítorí àwa la rẹ́rìn-ín.

Alákàn a máa bọ́ ìkarawun kó tó lè dàgbà. Lásìkò yẹn, ara rẹ̀ á rọ̀ bí ẹ̀kọ, á wọnú ihò lọ títí tuntun yóò fi le. Ẹni tí kò jáde sí yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má fi ìbéèrè kàn án nílẹ̀kùn. Ẹ gbé ọbẹ̀ lọ, ẹ bá a gbálẹ̀, ẹ máa bọ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ pè mí. Èmi náà ní ẹ̀bẹ̀ láti bẹ̀. Mo fẹ́ràn yín o, ẹ̀yin tí mo ń bá wí gan-an.

Ìkéde: Ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú ti di aago 5. Owó jẹnẹrétọ̀ kò tíì pé. Ẹni tó gbé kúlà búlúù nídìí ìdáná lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ jọ̀wọ́, a yá a ni.