Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa lórí iye tuntun fíltà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnì

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

A kí yín o. A mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ yín kò dùn sí iye tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan tilẹ̀ wí lójú mi pé mo fẹ́ fi owó oníbàárà kọ́lé. Ilé wo? Mo ṣì ń san owó ilé fún láńlọ́ọ̀dù.

Fíltà kóònù olówùú yìí, tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà símú, òkè òkun ló ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Kí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, tó tú náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa dá iye rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Nínú oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Fíltà kan náà ni o, páálí kan náà. Dọ́là náà ni kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣírò owó tiwọn. Ọjà tí a ti rà sílẹ̀ ṣáájú la fi ń gba iye àtijọ́ lọ́wọ́ yín. Ó ti tán.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ẹni tó ń kó ọjà fún wa láti Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó. Láàárọ̀, á dá iye kan fún mi lórí fóònù. Kí n tó fowó ránṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ti yí i padà. Tí mo bá sọ̀rọ̀, á ní ṣé òun ló ń tẹ náírà ni. Àwìn tí a jọ ń ṣe látẹ̀yìnwá, ó dá a dúró láìsọ fún mi. Ẹni tí mo máa ń bá lọ sí òde ìnáwó!

Àwọn kan ní kí n máa ta èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì. N ò ní tà á. Rọ́bà ọrùn rẹ̀ le gbagidi. Bí ẹ fi kílípù dì í títí, àlàfo á ṣì wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni eruku ọyẹ́ ń gbà wọlé lọ ha sílíńdà, ihò inú ẹ́ńjìnì tí písítìnì ti ń lọ sókè-sódò. Bẹ́ẹ̀ ni kóònù tó wà níhòòhò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru ẹ́ńjìnì ló ń fà símú. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́; ariwo á pọ̀, agbára ò ní pọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe àpótí bò ó, àpótí náà sì lówó lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ Èkó nígbà òjò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé fíltà náà sísàlẹ̀ sẹ́yìn bọ́ńpà: omi tó bá wọ sílíńdà kò ṣeé fún pọ̀, connecting rod, irin tó gbé písítìnì dúró, ni yóò tẹ̀. Ẹ má sì da epo fíltà, èyí tí a fi ń pa òwú rẹ̀ kó lè mú eruku, lé e lórí yàà. Á lẹ̀ mọ́ wáyà tín-ín-rín inú MAF sensor, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnì, iná check engine á tàn, ẹ ó ní ọjà wa ló fà á.

Ọ̀pọ̀ yín tó gbé Corolla wá ni mo sọ fún pé fíltà pépà tuntun nínú àpótí tí Toyota fi sí i ti tó. Ẹni tó fẹ́ rẹ́ yín jẹ ò ní sọ bẹ́ẹ̀.

A ti ń wá ẹlòmíràn tí a ó máa rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó iṣẹ́ kò yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ san díẹ̀díẹ̀, kó wá bá mi sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti san àsansílẹ̀ kí iye yìí tó jáde, iye àtijọ́ náà la ó gbà, èmi ni n ó fowó dí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú rìsíìtì yín dání, torí àwọn tí kò san kọ́bọ̀ ti ń pe ara wọn mọ́ yín.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù