Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: bí fáíbà bá já lójú ọ̀nà

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Akúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ kú ọjà o. Ìwé àdéhùn tuntun yín sọ pé fast reroute, ìyẹn yíyí dátà gba ọ̀nà mìíràn kíákíá bí ọ̀nà bá já, wà lórí ìsopọ̀ yín. Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣe, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Lórí MPLS, ìlànà tí a fi ń gbé dátà yín, lébẹ́lì (àmì kékeré) tí ráútà, ẹ̀rọ tó ń tọ́ dátà sọ́nà, lẹ̀ mọ́ dátà ló ń darí rẹ̀, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ kó tó gbéra. Láìsí fast reroute, bí kátápílà bá já fáíbà láàárín Akúrẹ́ sí Oǹdó, ó di dandan kí àwọn ráútà gbọ́, kí wọ́n sì ṣírò ọ̀nà mìíràn. Ìyẹn lè gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí POS sì ti gé owó láìjáde. Pẹ̀lú fast reroute, ráútà tó wà létí ibi tó já ti ní ọ̀nà àyípo nípamọ́. Bí iná inú fáíbà bá ti kú báyìí, á gbé lébẹ́lì mìíràn lé ti àkọ́kọ́, á sì gba àyípo. Mílísẹ́kọ́ǹdì 50 là ń lé. Níbi tí rédíò (ìsopọ̀ aláìlówáyà) bá wà láàárín, iná kì í kú. BFD, ètò tí ráútà méjì fi ń kí ara wọn léraléra láti mọ̀ pé ọ̀nà ṣì wà, ló ń ṣọ́ ibẹ̀, ó sì máa ń tó mílísẹ́kọ́ǹdì 150 kó tó mọ̀.

Ẹni tó bá ní ìlà méjì lòun ní, ẹ bi í pé kòtò mélòó? Fáíbà méjì nínú kòtò kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń já. Àyípo tiwa gba ọ̀nà ọ̀tọ̀.

Èyí tó máa ń tan àwọn ẹlẹ́rọ jẹ ni ìwọ̀n ìdì dátà kọ̀ọ̀kan. Báìtì 4 ni lébẹ́lì kan. Bí mẹ́ta bá gorí ara wọn, ìdì tó jẹ́ báìtì 1500 di 1512. Bí àyípo bá gba 1500 géérégé, píìngì (dátà ìdánwò) kékeré á kọjá, WhatsApp á wọlé, ṣùgbọ́n ojú ìwé báńkì ò ní ṣí. Lórí Windows, ẹ tẹ ping -f -l 1472, kí ẹ fi àdírẹ́sì ìdánwò tó wà lórí risíìtì yín kún un. Bí kò bá dáhùn, ẹ pè wá.

Láti orí òpó dé ṣọ́ọ̀bù yín, kò sí àyípo kankan. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà kejì wọlé, rédíò la ó gbé sórí òrùlé rẹ̀, a ò ní fa fáíbà mìíràn lórí òpó kan náà.