Títí di Ìgbà Wo La Ó Máa Gbé Eyín Dídùn Kúrò l'Óṣogbo?

Olóòtú,

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo gbé ìyàwó mi dé láti Ìbàdàn, inú ṣì ń bí mi. Eyín ló ń dùn ún; odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi lè fi apá ọ̀tún ẹnu rẹ̀ jẹun. Orín ata àti omi iyọ̀ kò ràn án. Ní ilé ìwòsàn kan níhìn-ín, wọ́n ya X-ray pẹlẹbẹ, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, wọ́n fún un ní oògùn ìrora. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú.

Ìbàdàn ni wọ́n ti fi X-ray 3D, èyí tó ń fi gbogbo ìhà eyín hàn, wò ó. Ẹ̀rọ náà yí orí rẹ̀ po, kò tó ìṣẹ́jú kan. Dókítà eyín wá ń yí àwòrán náà síwá sẹ́yìn lójú kọ̀ǹpútà, ó ń là á wò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni gé búrẹ́dì. Eyín ìkẹyìn ló hù dùbúlẹ̀, tó forí ti èyí tó wà níwájú rẹ̀; ibi tí méjèèjì ti fara kanra ni ti iwájú ti ń jẹrà. Nínú X-ray pẹlẹbẹ, ọ̀kan bo èkejì. Ta ni yóò rí i?

N kò ní kí wọ́n fi 3D ya gbogbo eyín tó bá dùn o. Dókítà là á yé mi pé ìtànṣán rẹ̀ pọ̀ ju ti fọ́tò kékeré tí à ń deyín mọ́ lọ, pé fọ́tò kékeré yẹn tó fún ọ̀pọ̀ ihò eyín, àti pé irin tí wọ́n fi dí eyín máa ń da àwòrán 3D rú. Ṣùgbọ́n èyí tó fara pamọ́ ńkọ́? Ṣé Ìbàdàn náà ni?

Láti 1991 ni Òṣogbo ti jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fi irú ẹ̀rọ yìí wo eyín nílẹ̀ òkèèrè. Kí làwọn tó wà nípò ń ṣe? Wọ́n á kun ògiri ilé ìwòsàn lọ́dà, wọ́n á gé rìbọ́nù, aláìsàn á tún wọkọ̀ Ìbàdàn!

Kí ìjọba ra ẹ̀rọ X-ray 3D ẹyọ kan péré, kí wọ́n gbé e sí ibi tó rọrùn dé, bí ìtòsí Oríta Ọláìyá, kí gbogbo ilé ìwòsàn, tìjọba àti aládàáni, máa kọ̀wé rán aláìsàn síbẹ̀. Kí wọ́n fi iná oòrùn sí i. Kí wọ́n gba ẹni tó lè ka àwòrán náà, kì í ṣe ẹni tó kàn mọ bọ́tìnì tẹ̀. Kí owó àtúnṣe wà nínú àdéhùn láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti rà á, kó má di ohun tí wọ́n fi ọ̀rá bò sí kọ̀rọ̀. Kí wọ́n sì lẹ iye owó rẹ̀ mọ́ ògiri.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a tún ń padà sí Ìbàdàn, kí wọ́n lè yọ eyín tó dùbúlẹ̀ náà.

Òǹkàwé yín,
Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo