Ẹnu wa ni àwọn ọmọ yín ń gbọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ tí Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, sọ ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ló mú mi kọ ìwé yìí láti Òṣogbo níbí. Ó ní ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí á máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí á máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti fèsì, àwọn olùkọ́ náà ti sọ tiwọn. Mi ò tíì rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti bi àwa tí à ń pààrọ̀ pámpáàsì fún ọmọ léèrè ohun tí a rí sí i. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo ń tọ́jú ọmọ ní kíréèṣì kan ní agbègbè Òkè-Baálẹ̀, láti orí ọmọ oṣù mẹ́ta dé orí ọmọ ọdún mẹ́rin.

Aago méje àárọ̀ kì í tíì lù tí àwọn ìyá ti ń gbé ọmọ dé lórí ọ̀kadà. Òṣìṣẹ́ báǹkì wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà, olùkọ́ wà, àwọn tó ń tajà ní ọjà Ìgbọ̀nà wà. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń padà wá gbé wọn, ti àwọn mìíràn ń di mẹ́fà. Bí ọmọ bá délé, yóò jẹun, wọn yóò wẹ̀ ẹ́, yóò sùn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń wọ etí ọmọ yẹn lójúmọ́, ẹnu mi ni èyí tó pọ̀ jù ti ń jáde.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá ni tọ́ ọ. Ní agboolé tí wọ́n ti tọ́ èmi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, igba ènìyàn yẹn wà lóòótọ́. Ìyá àgbà wà, àwọn àbúrò bàbá mi wà, àwọn oníbàárà tó ń wá gba aṣọ wà, àwọn ìyàwó ilé sì pọ̀. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ, nítorí náà kálukú wọn ló fún wa lórúkọ tirẹ̀. Ẹnìkan ń pè mí ní Adúmáadán, òmíràn ń pè mí ní Ìbàdíàrán, mo sì ń jẹ́ gbogbo rẹ̀. Lónìí, igba ènìyàn yẹn ti di èmi àti àwọn àǹtí méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ohun tí a bá jẹ́, èdè tí a bá ń sọ, bí a ṣe ń kíni, bí a ṣe ń rẹ ọmọ lẹ́kún, òun náà ni ọmọ yóò gbé lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹni tí èmi jẹ́ kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi nìkan mọ́.

Ọmọ aláró ni mí. Gbogbo ayé ló mọ Òṣogbo sí ìlú aró, ìkòkò aró Ọ̀ṣun ni ìtàn sì sọ pé igi tí Olútìmẹ́hìn, ọdẹ tó wà lára àwọn tó tẹ ìlú yìí dó, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gé lulẹ̀ fọ́ nínú odò nígbà tí wọ́n dé ibí. Mùsùlùmí ni mí, mo ń kírun mi, mi ò bọ Ọ̀ṣun rí. Ṣùgbọ́n ọmọ Òṣogbo wo ni kò mọ̀ pé olùtọ́jú ọmọ ni wọ́n ń ki Ọ̀ṣun sí? Omi tútù rẹ̀ ni wọ́n ń pọn fún abiyamọ. Ní 2005 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ igbó rẹ̀ mọ́ ara ogún àgbáyé, lọ́dọọdún ní oṣù kẹjọ sì ni àwọn àlejò ń ti òkè òkun wá wò ó. Ìlú tó gbé ẹni tó ń tọ́mọ ga tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa fojú ọmọ ọ̀dọ̀ wo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ náà lónìí. Owó oṣù mi kò dé ₦70,000 tí òfin ọdún 2024 pè ní owó oṣù tó kéré jù. Ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dùn mí jù.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n fẹ́ gba ohun tí mo ní lẹ́nu mi.

Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fanákúlà, ìyẹn èdè abínibí. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ló wà lọ́wọ́ mi o! Mo ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́, NCE. Mo lè ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo lè fi kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí ènìyàn fi ń gbọ́mọ jó, ta ló kọ́ wa? Kò sí nínú ìwé tí a kà. Èyí tó wà lẹ́nu wa kò ju "Sit down", "Stop it", "Eat your food", "Sleep" lọ, láti àárọ̀ dalẹ́. Àṣẹ ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ tó bá lo ọdún mẹ́ta lábẹ́ irú ẹnu bẹ́ẹ̀ kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó jinlẹ̀, Yorùbá náà yóò sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn òbí rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ń sanwó fún. Bóyá ogún ọ̀rọ̀ ni ọmọ ń gbọ́, tí wọ́n ń pààrà rẹ̀ fún un lójoojúmọ́.

Nígbà tí mo bá ń sọ Yorùbá, ènìyàn mìíràn ni mí. Bí ọmọ bá jí, tó na ara, mo ń sọ fún un pé kó máa dàgbà. Bó bá sín, mo ń wúre fún un pé yóò gbó, yóò tọ́. Bí mo bá ń fi òrí pa á lára, mo ń pe orúkọ ẹsẹ̀ fún un, mo ń pe ti orúnkún, ti ìgbọ̀nwọ́, ti ìdodo, mo ń bi í pé ọmọ ta ló sanra tó báyìí, mo sì ń dá ara mi lóhùn títí tí yóò fi rẹ́rìn-ín. Èyí tó ti pé ọdún mẹ́rin nínú wọn, mo ń pa àlọ́ àpamọ̀ fún un: òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Ó ní láti ronú dé inú ilé ìdáná ìyá rẹ̀ kó tó rántí omi ọkà tó ń hó àti ọmọrogùn. Ẹ sọ fún mi, kí ni a ń pè ní ẹ̀kọ́ bí kì í bá ṣe ìyẹn?

Ìyá àgbà mi máa ń gún ewé èlú, yóò sá a títí yóò fi gbẹ, yóò wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú nínú ìkòkò. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú aró yẹn, àwọ̀ ewé ni yóò ní, afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di aró lójú gbogbo wa. Aṣọ tí a bá rì lẹ́ẹ̀kan yóò ṣá. Rírì ni, sísá ni, kí á tún rì í, kí á tún sá a, kó tó dú dáadáa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èdè ṣe ń wọ ọmọ lára. Ẹ̀kọ́ Yorùbá ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́sẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́fà wá. Kò gba fídà, kò gba ẹ̀yìn, ẹkún ṣáá ni. Mo bi ìyá rẹ̀ pé kí ni oríkì ọmọ yìí. Kò mọ̀. Ó pe bàbá ọmọ, bàbá náà ní kó bi ìyá òun. Ìkìrun ni ìyá àgbà náà wà. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un lórí fóònù, kò dá mi lóhùn rárá, ọmọ ló dojú kọ. Ó ní, "Àkànní! Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn." Ó ń ki í lọ ràì. Mo tẹ ẹ̀rọ náà kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta. Ọmọ náà dákẹ́, ó ń yí ojú kiri, ó ń wá ẹni tó ń pe òun. Ó tún sunkún kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ọmọ tí kì í sunkún. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti fẹ́ pọ̀n ọ́n, mo ń kọ́kọ́ ki í, ó sì ń gbé ara rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ìyá rẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà sọ fún mi pé òun kò gbọ́ oríkì ìdílé ọkọ òun rí. Ọdún kẹta tí wọ́n ti ṣègbéyàwó nìyẹn.

Mo ní ìwé kan báyìí tí mo ń kọ ọ́ sí: orúkọ ọmọ, oríkì rẹ̀, orílẹ̀ bàbá, orílẹ̀ ìyá. Òpómúléró wà níbẹ̀, Onírèsé wà, Ọlọ́fà wà. Ọmọ Ìgbò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ nítòsí Olaiya. Àwọn tó ń ta ko èdè abínibí máa ń béèrè pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́. Èmi bi ìyá rẹ̀ ni. Ó kọ́ mi pé "ndo" ni wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún lọ́dọ̀ wọn, ó sọ ìtumọ̀ orúkọ ọmọ náà fún mi, ó kọ́ mi ní ìkíni àárọ̀. Ọmọ náà ń gbọ́ Ìgbò díẹ̀ lẹ́nu mi, ó ń gbọ́ Yorùbá púpọ̀, inú ìyá rẹ̀ sì dùn sí méjèèjì. Kò ṣòro tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ má rò pé gbogbo ohun tí àwọn ìyá wa ṣe ni mo gbé mọ́ra. Mi ò kì í rọ ọmọ. Kí á tẹ́ ọmọ sórí itan, kí á fi ọwọ́ dí i nímú, kí á máa da ẹ̀kọ sí i lọ́fun, ó léwu, ó lè bá ẹ̀dọ̀fóró lọ. Mi ò sì ń gba àgbo lọ́wọ́ ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́fà, nítorí wàrà ọmú nìkan ló tọ́ sí i, omi lásán pàápàá kò yẹ ẹ́. Mo ti bá ìyá ọkọ ẹnìkan fa ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò sì gba ìgò náà. Ọmọ Yorùbá ni mí síbẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Mínísítà. Ó ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń bi í: kí ló kan ọmọ oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú WAEC? Àwọn ilé ìwé aládàáni tí mo mọ̀ ní Òṣogbo kò fi ìgbà kan ṣíwọ́ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 2022 sí 2025. Báwo ni a ṣe ń dá ohun tí a kò tíì ṣe lẹ́bi? Ohun tí a ti ṣe rí ńkọ́? Ní 1970, ní Modákẹ́kẹ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé St. Stephen's fún odindi ọdún mẹ́fà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Fáfúnwá yìí kan náà padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. Ìwé iṣẹ́ wọn wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Mo mọ ẹ̀rù tó ń ba àwọn òbí. Wọn kò fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé ìwé ńlá lọ́la. Mo sì ń sọ fún wọn pé Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró: ó wà nínú tẹlifíṣọ̀n, ó wà nínú fóònù yín, olùkọ́ Prámárì Wáànù ń dúró dè é. Èyí tí kò ní dúró ni àkókò tí ọmọ fi wà lẹ́yìn wa.

Mo rọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pé kí wọ́n yọ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kúrò nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan yìí, kí àwọn tó ń wá yẹ kíréèṣì wò sì máa bi àwọn olùtọ́jú ọmọ léèrè ohun tí wọ́n ń bá ọmọ sọ, kó má jẹ́ àwọ̀ tí a kun ògiri nìkan ni wọn yóò máa wò. Ẹ̀yin tí ẹ ni kíréèṣì, ẹ yọ ìwé fanákúlà yẹn kúrò lára ògiri yàrá àwọn ọmọ jòjòló, kí ẹ sì fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù yín, lábẹ́ ibi tí wọ́n ń kọ ọjọ́ ìbí sí, fún oríkì. Òbí tí kò bá mọ tọmọ rẹ̀, kó pe ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí. Kó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, kó fi sínú báàgì ọmọ pẹ̀lú fídà àti pámpáàsì. A ó bá a níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àjọkẹ́ ọmọ aláró,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo.