Àbẹ̀kẹ́, Ṣé O Ti Sanwó Ni?

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyá Ṣọlá ló sọ fún mi lọ́jà pé ẹnì kan ní ilé tí ẹ ń gbé n'Ífẹ̀ ń gba náírà 25,000 lọ́wọ́ àwọn ọmọ, pé òun á bá wọn gba sikọ́láṣípù, àti pé ìwọ náà wà lára wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè ọ́, o ò gbé fóònù. Ṣé o ti sanwó ni?

Sikọ́láṣípù tòótọ́ kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń tọrọ rẹ̀. Tí o bá ti fún ẹni tó ń gbowó yẹn ní BVN rẹ, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ ní bánkì, tàbí tí o ka nọ́ńbà tí bánkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ fún un, jọ̀wọ́ ọmọ mi, lọ sí bánkì lónìí.

Àǹtí rẹ ti bímọ, obìnrin ni. Òjò wó ògiri ẹ̀yìnkùlé.

Mo lọ bá olùkọ́ tó ń kọ́ àbúrò rẹ ní físíìsì. Ó ní sikọ́láṣípù Agbami ti kọjá fún ọ, àwọn ọmọ 200 level ni wọ́n ń mú. Ti MTN Foundation ló bá ọ mu: ọmọ sáyẹ́ǹsì tó wà ní 300 level nílé ìwé gíga ìjọba, tí CGPA rẹ̀, ìyẹn ìṣirò gbogbo máàkì rẹ̀, tó 3.5. Tìrẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ! Kí lo wá ń wá ẹni tí yóò bá ọ tọrọ sí? Ti NELFUND, owó tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 2024, gbèsè nìyẹn o. Kò ní èlé, ó sì di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà, ṣùgbọ́n gbèsè ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ẹ̀bùn.

Orúkọ tó wà lórí NIN rẹ, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ń kọ mí lóminú. Oluwabunmi ló wà níbẹ̀, Bunmi ló wà lórí ìwé WAEC. Tètè lọ tún un ṣe kí fọ́ọ̀mù tó jáde. Mo ti rí ìwé ọmọ ìbílẹ̀ rẹ lábẹ́ aṣọ òkè bàbá rẹ, òórùn káńfọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Àbúrò rẹ á yà á, á fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp.

Nígbà tí èmi parí ìwé mẹ́wàá, mo yege. Bàbá mi ní owó ò sí, mo sì dákẹ́. Mi ò bi ẹnikẹ́ni bóyá ọ̀nà mìíràn wà, torí ojú ń tì mí kí wọ́n má mọ̀ pé a ò ní. Àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì ti ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ báyìí. Wọ́n ń ra gàrí lọ́wọ́ mi. Mi ò jẹ́ kí wọ́n rí i lójú mi pé ó ń dùn mí. Irú ìtìjú yẹn ni mò ń bẹ̀rù lára rẹ. Bóyá òun ni kò jẹ́ kí o gbé fóònù.

Tí o bá ti sanwó, sọ fún mi. Mi ò ní pariwo, bàbá rẹ ò sì ní gbọ́. Mo ti fi owó dátà àti owó àtúnṣe NIN sí àkáǹtì rẹ. Fúnra rẹ ni kí o kọ fọ́ọ̀mù náà, má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ nínú owó náà. Pè mí lálẹ́ yìí, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ